Káàdì Màmá Atíkòrí

Nígbà èwe wa, bí ẹ bá kan ìlẹ̀kùn ilé ìyá-ìyá mi ní Atíkòrí lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, kì í ṣe "Ta nìyẹn?" lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ ó gbọ́ ìró káàdì tó ń wọ inú agolo bisikíìtì, ẹ ó gbọ́ àga tó ń họ ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn Màmá yóò dédé gbé orin ìyìn láti àárín ẹsẹ̀ kejì, bí ẹni pé ó ti ń kọ ọ́ bọ̀ láti àárọ̀. Ìlẹ̀kùn á ṣí. Ẹ ó bá arúgbó obìnrin kan, gèlè rẹ̀ gún régé, ìwé orin wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì jókòó yí i ká bí ẹgbẹ́ akọrin tí kò mọ orin kankan.

Àlùfáà ìjọ wa bá wa bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó wo ìwé orin ọwọ́ Màmá títí.

"Màmá, ìwé yín dorí kodò."

"Mo mọ̀, Àlùfáà. Mo ti mọ iwájú rẹ̀ tán, ẹ̀yìn ni mo ń kọ́ báyìí."

Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó mu omi, ó gbàdúrà, ó lọ. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jìnnà ni Màmá fa gèlè bojú. "Ojú ń tì mí o, ẹ̀yin ọmọ yìí," ló wí. "Ojú ń tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀."

A rò pé àwàdà ni. Ọmọdé ni wá, bí ìyá àgbà bá bojú, ẹ̀rín nìkan ló máa ń pa wá. Ṣùgbọ́n kí n tètè sọ ohun tó wà níbẹ̀, kí n má baà fi nǹkan pamọ́ bí ìṣe àwọn ará ilé wa. Màmá Atíkòrí ní àbúrò kan ṣoṣo, Bàbá Abígí. Ọkùnrin náà ru orúkọ oníkáàdì títí orí rẹ̀ fi funfun, nítorí káàdì tí kì í ṣe tirẹ̀. Màmá ló ni káàdì. Ibi tí ìtìjú ìyá yìí ti ṣàn wá nìyẹn, ó sì ti ṣàn dé ọ̀dọ̀ àwa náà báyìí.

Ìtìjú Màmá kò ní ìwọ̀n. Olùkọ́ ni, ó sì di ọ̀gá ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni olórí kíláàsì àwọn obìnrin. Síbẹ̀ kò lè jẹun lójú àlejò. Bí o bá yìn ín pé ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ dùn, yóò ní ẹja ló dùn, kì í ṣe òun. Bí o bá ní òun ló se ẹja náà, yóò ní iná ló sè é. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ tó ṣe ní ilé-ìwé, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ títí, wọn kò rí i. Ìyá mi ló lọ bá a ní ẹ̀yìn kíláàsì, níbi tó dúró sí tó ń ka ewé orí igi. Ìyá mi ní, "Màmá, wọ́n ń yìn yín lọ́hùn-ún o!" Ó dáhùn pé, "Ìdí nìyẹn tí mo fi wà níbí. Bí wọ́n bá yìn mí tán, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi."

Ẹ̀yin náà ẹ bi mí pé kí ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń fi káàdì ṣe. Èmi pàápàá bi í. Káàdì Wọ́ọ̀tì ni, irú èyí tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ̀, tó ní róńdò, onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, ìràwọ̀ àti àgbélébùú. Màmá sì ti dá ara rẹ̀ láre kí ẹnikẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Ó ní káàdì olóyìnbó tó ní ọba àti ayaba, ìyẹn ni káàdì ẹ̀ṣẹ̀. "Èyí kò ní ọba. Àgbélébùú ló ní. Sọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀ fún mi." Mo ní bí kò bá sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kí ló dé tí a fi ń kó o pamọ́ fún Àlùfáà? Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Dípọ̀," ló wí, "orí rẹ pé jù fún ọmọ tí kò tíì fọ abọ́."

Àmọ́ kì í ṣe bí àwọn yòókù ṣe ń ta Wọ́ọ̀tì la ṣe ń ta á nílé Màmá. Ó ní bí a bá ta á kí ẹnì kan lè borí, tẹ́tẹ́ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ìtàn la fi í sọ. Màmá yóò dá ìlú kan sílẹ̀ lẹ́nu, yóò ní kí olúkúlùkù wá mú ẹni tó fẹ́ jẹ́ nínú ìlú náà: ọdẹ, télọ̀, ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé, awakọ̀ ojú omi. Bí o bá ti mú ẹni rẹ, o ti di í nìyẹn. Bí télọ̀ ni ọ́, bí télọ̀ ni wàá ṣe máa sọ̀rọ̀. Káàdì tí o bá jù sílẹ̀ ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ. Onígun mẹ́ta, o bọ́ sójú ọ̀nà. Onígun mẹ́rin, nǹkan dé bá ọ nínú ilé. Àgbélébùú, ìyọnu. Bí ẹnì kan bá ju méjì, ẹni tó tẹ̀ lé e yóò gbé ẹrù méjì. Mẹ́rìnlá, tí àwọn ọmọ ìta ń pè ní jẹ́nẹ́rà máàkẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìlú ló kàn: òjò, iná, tàbí agbowó-orí.

Ogún sì ni káàdì tó ga jù. Níta, ẹni tó bá ní ogún yóò bèèrè irú káàdì tó wù ú. Nílé Màmá, ẹni tí o jẹ́ nínú ìtàn ni yóò bèèrè nǹkan, ìlú sì gbọ́dọ̀ ṣe é fún un, ó di dandan. Òfin kan ṣoṣo ló so mọ́ ọn: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ojú ń tì ọ́ láti bèèrè.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ogún bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo ní kí ìlú ra kẹ̀kẹ́ fún télọ̀ mi. Màmá dá káàdì náà padà fún mi. "Kẹ̀kẹ́? Níbo lojú ti tì ọ́ níbẹ̀?" Mo ronú títí, mo wá ní òkùnkùn ń ba télọ̀ mi lẹ́rù, kí ẹnì kan wá jókòó tì í bí ó bá ń ránṣọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ẹ̀ ṣubú lẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní opó kan wà ní ìlú náà tí òun náà ń bẹ̀rù òkùnkùn, ó ti gbé àga rẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn ẹlẹ́rìn-ín: "Ẹni tó bá fi ogún bèèrè ohun tí ojú kò tì í, ó fi ogún ṣòfò."

Mo gbé ẹ̀kọ́ yẹn lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè láìmọ̀. Kúnlé, tí a jọ ń gbé yàrá kan, ní ẹ̀gbọ́n kan lókè òkun tó fi ìwé eré kan ránṣẹ́ sí i. Irú eré tí àwọn òyìnbó ń ṣe yí tábìlì ká ni: ẹnì kan á máa darí ìtàn, àwọn yòókù á di akọni inú rẹ̀, wọ́n á máa rìn nínú igbó, wọ́n á máa bá ẹranko abìyẹ́ tó ń pọ iná lẹ́nu jà. Kúnlé rò pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ni. Mo ní, "Èyí? Ìyá-ìyá mi ń ṣe é ní Atíkòrí." Ó ní irọ́ ni. Ìwé rẹ̀ sì ń fẹ́ ọmọ ayò kan tó dà bíi ti lúdò ṣùgbọ́n tó ní ojú ogún. Níbo la ti fẹ́ rí ìyẹn ní Àgọ́-Ìwòyè? Mo gbé Wọ́ọ̀tì jáde, mo kọ́ wọn ní òfin Màmá. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bèèrè ọmọ ayò mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, a ti rìn wọ inú ihò ẹranko náà, ariwo "Pa á! Pa á!" gba gbogbo yàrá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìlẹ̀kùn. Ìgbà tí a bojú wẹ̀yìn, Màmá ló dúró yẹn, ó gbé kúlà ìkọ́kọrẹ́ dání.

"Ta lẹ fẹ́ pa?"

Gbogbo wa dọ̀bálẹ̀. Kúnlé ló láyà. "Ẹ kú ìrìn, Mà. Dírágónì ni, Mà."

"Kí ló ṣe fún yín?"

"Ó... ó ń ṣọ́ wúrà ni, Mà."

"Wúrà yín ni?"

"Rárá o, Mà."

"Ẹ wọlé onílé, ẹ ò kí i, ẹ fẹ́ pa á nítorí ohun tí kì í ṣe tiyín. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Màmá, eré lásán ni," ni mo wí.

"N kò bi ọ́ bóyá eré ni. Sún síwájú."

Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní òun ni dírágónì. Ẹ̀yin ará, n kò tíì rí ohun tó ba ni lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ ẹranko náà fún wa: bí òun ṣe ti dàgbà tó, bí ẹyẹ kò ṣe bà lórí ihò òun mọ́, bí ọmọ ènìyàn kò ṣe mọ ohun mìíràn í bá òun sọ ju "Pa á" lọ. Kí káàdì ọwọ́ rẹ̀ tó tán, Kúnlé, akọni wa, ti fi idà sílẹ̀, ó ń bẹ dírágónì pé kó má bínú. Màmá ṣí kúlà, ó bu oúnjẹ fún un ju tèmi lọ. Bó ṣe ń dìde ló wí pé, "Bí o bá gbé àwọ̀ ẹlòmíràn wọ̀, rántí pé ẹni tó ni ín ń wò ọ́."

Ní báyìí tí irun èmi náà ti ń funfun, mo ṣì ń darí eré náà ní pálọ̀ mi fún àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ń yìn mí pé mo gbọ́n. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹja ló dùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó ń dùn mí. Bàbá Abígí kì í wọ́pọ̀ nílé Màmá. Bí òkú tàbí ìgbéyàwó bá pe ẹbí, yóò gòkè wá láti Abígí ní ìpadò, níbi tó ti ń ta pákó, yóò jókòó sí ìta, yóò sì padà. Bí a bá ń ta káàdì, ìyá mi a máa kìlọ̀ pé, "Ẹ ṣọ́ra o, kí ẹ má di Bàbá Abígí!" Àwa a rẹ́rìn-ín. Màmá a wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìtàn tí a mọ̀ ni pé nígbà tí Bàbá Abígí wà lọ́dọ̀ọ́, òun ló ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn ará ìlú Òrù ń wá gbọ́ ọ. Wọ́n bá káàdì ọlọ́ba nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ aṣọ akọrin. Àlùfáà ìgbà náà bèèrè pé ta ló ni ín. Ó ní òun ni. Wọ́n kéde orúkọ rẹ̀ lójú ìjọ, wọ́n gba dùùrù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tó fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Abígí.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ Kérésì kan, ó wá bá wa ṣe òkú ìbátan kan, òjò tí kò bọ́ sí àkókò sì dè é mọ́lẹ̀. Màmá wà nídìí tábìlì pẹ̀lú èmi àti Àǹtí Ṣadé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Nítorí pé ẹnu mi kì í dúró, mo ní, "Bàbá, ẹ wá bá wa ta á."

Ó wò mí. "Èmi? Káàdì? Nínú ilé yìí?"

"Ìtàn ni, Bàbá. Ẹ mú ẹni tó wù yín."

Ó jókòó díẹ̀díẹ̀. Ó ní adájọ́ lòun fẹ́ jẹ́. Ìlú tí Màmá dá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìlú etí omi ni, aago ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti sọnù. A ta á, a ta á, baba náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣẹ́jú sí mi, n kò mọ̀ pé ó lè ṣàwàdà tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó fa ogún. Mo sọ òfin fún un.

Ó fi káàdì náà lélẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Èmi adájọ́ ń bèèrè. Káàdì tí wọ́n bá lábẹ́ aṣọ akọrin, ta ló ni ín?"

Màmá lè yẹ̀ ẹ́. Òun ló ń darí ìtàn, ó lè ní olè kan ni, ó lè ní òjò wọlé. Ó kó káàdì ọwọ́ rẹ̀ jọ, ó tò wọ́n, ó tún wọn tò.

"Èmi ni."

Àǹtí Ṣadé bú sẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Màmá, nínú ìtàn ni, àbí?"

"Ṣadé, dákẹ́." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Wọ́n fẹ́ fún mi níṣẹ́ olùkọ́ lọ́sẹ̀ náà. Mo dúró tì ọ́ nígbà tí o ní ìwọ ni. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò."

"Mo mọ̀," ni Bàbá Abígí wí. "Èmi kò nílò kí ẹ sọ fún mi, Ẹ̀gbọ́n. Mo wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n kéde orúkọ mi fún ni kò mọ̀."

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ dúpẹ́, Màmá nìkan ló jáde, obìnrin tó ń sá fún ìyìn lẹ́yìn kíláàsì. Akéde bi í bó ṣe yẹ: "Màmá wa, kí lẹ ń dúpẹ́ fún?"

"N kò wá dúpẹ́. Mo wá gba káàdì mi lọ́wọ́ àbúrò mi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Èmi ń wá ihò tí màá wọ̀. Ibẹ̀ ni ohùn Bàbá Abígí, tí kò tíì padà sílé, ti wá láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ sókè, a ò gbọ́ níbí."

Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kígbe rẹ̀.

Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti ń kúnlẹ̀ kí i bẹ̀rẹ̀ sí í rántí iṣẹ́ tí wọ́n ní láti ṣe bí wọ́n bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ọmọ rẹ̀ bínú ju ìjọ lọ. Àǹtí Ṣadé sunkún pé ó ti ba orúkọ àwọn jẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá kan ìlẹ̀kùn tí a wá fẹ́ kó káàdì, Màmá á na ọwọ́ lé e. "Ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n ti mọ ẹni tó ni ín."

Ó kú ní wọ́ọ́rọ́wọ́, lójú oorun. Àǹtí Ṣadé ló kọ ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń kọ ọ́: òkú kì í ṣẹ̀ nílẹ̀ wa. Mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á pé ìyá rere yìí kò fẹ́ràn eré asán, pé kò fọwọ́ kan káàdì rí láyé rẹ̀, pé ó fi èyí kọ́ gbogbo ẹbí, pàápàá nígbà tí àìgbọràn wọ àárín wọn. Àwọn kan yí ojú padà wo ẹ̀yìn. Bàbá Abígí ló wà níbẹ̀, tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Màmá kígbe ń fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ṣe "Àmín."

Èmi tí wọ́n ń pè ní ọlọ́rọ̀ ẹnu, mo ṣe kí ni? Ẹsẹ̀ mi ni mo ń wò.

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, Bàbá Abígí pe èmi àti Àǹtí Ṣadé sínú pálọ̀. Kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ayé," ló wí. "Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ tún ti dì í lé mi lórí. Ta ni mo fẹ́ bi báyìí? Ẹni tó lè dá mi lóhùn ti lọ."

Àǹtí ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, a kò fẹ́ kí wọ́n bú Màmá ni."

"Òun fẹ́ kí wọ́n bú òun, Ṣadé. Ohun tó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe nìyẹn, ẹ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó dìde, ó ní ọkọ̀ Abígí fẹ́ gbéra. Mo sìn ín dé ojú ọ̀nà. N kò rí àwàdà kankan ṣe.

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Mo ti bẹ àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí n kà á ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti ka tiwọn. Wọ́n ní àwọn yóò rò ó. Bí wọ́n bá gbà, n óò kà á kí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn gbọ́. Bí wọn kò bá gbà, ẹ̀yin tí ẹ ti kà á dé ibí yìí, ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀: ìyá-ìyá mi ló ni káàdì náà.